Wọ́n "sanction" ìsinmi mi

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì lásìkò tó yẹ kí n wà nílé, kí n máa jẹyán. Òyìnbó ló fà á.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Mo ti kọ̀wé pé mo fẹ́ lọ fún ìsinmi. Èsì dé, ìlà kan péré: wọ́n ti "sanction" ìsinmi mi. Bẹ́ẹ̀ rédíò kò sì sọ ohun mìíràn lásìkò yẹn ju pé ECOWAS ti fi "sanction" kan Niger: wọ́n ti bodè pa, Nàìjíríà já iná mọ̀nàmọ́ná wọn. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ká lẹ́tà náà, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyàwó mi nìkan ló wọ aṣọ ẹbí lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ló là mí lójú. Ó ní èdè Látìn ló ni ọ̀rọ̀ náà: "sancire", kí á fi àṣẹ de nǹkan débi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tàpá sí i. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "sanctus", ìyẹn mímọ́, tó bí orúkọ Santos tí àwọn Àgùdà kan ń jẹ́ l'Ékòó. Bí àwọn ará Róòmù bá ṣòfin, apá tó sọ ìyà arúfin ni wọ́n ń pè ní "sanctio". Òyìnbó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó wá fi ẹnu kan náà fàṣẹ sí nǹkan, ó tún fi yọ pàṣán. Pàṣán ọ̀hún ni League of Nations fi na Ítálì ní 1935 nígbà tó gbógun ti Etiópíà. Kò tilẹ̀ dùn ún.

Nínú èdè tiwa, ta ló máa gbọ́ "a ti fọwọ́ sí i" táyà rẹ̀ á já?

Títí dòní, bí mo bá bèèrè oúnjẹ, ìyàwó mi á ní òun ti "sanction" ọbẹ̀. N kì í mọ̀ bóyá kí n fọwọ́ ni àbí kí n lọ ra búrẹ́dì.

Mo gbé ẹjọ́ ìsinmi náà lọ bá ọ̀gá mi lọ́fíìsì. Ó ní kí n má bínú, "oversight" ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú rẹ̀? Àṣìṣe ni, àbí èyí tí àwọn aṣòfin Àbújá máa ń wọkọ̀ lọ ṣe?"