Ojú Kan Lára Ihò Kọ́kọ́rọ́

Ilẹ̀kùn kan wà lórí òkè Aventino ní ìlú Róòmù tí èèyàn ń tò sí iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì sí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n ṣí i. Ẹgbẹ́ Kátólíìkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Knights of Malta ló ni ín, Giovanni Battista Piranesi ló sì tún ojúde ibẹ̀ ṣe ní 1765. Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni èrò ń wá. Ẹni tó bá kàn á bẹ̀rẹ̀, á di ojú kan, á fi ìkejì yọ́ inú wò. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa pòṣé. Kí ni wọ́n ń wò? Òrùlé rìbìtì ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ni, tó yọ láàárín igi ọgbà tí wọ́n gé dọ́gba. Òrùlé yìí ga ju mítà 130 lọ. Ibi gíga wo lèèyàn fẹ́ dúró sí ní Róòmù tí kò ní rí i? Ohun tó wà ní gbangba ni wọ́n wá ń yọjú wò bí amí, tí wọ́n sì tún ń kéde fún gbogbo ayé lórí fóònù pé ibi àṣírí ni, pé ọmọ onílùú gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àánú wà nínú òwe yẹn: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ fi ọ̀nà hàn án. Àlejò òde òní kò fẹ́ àánú wa. Ó ti dojú òwe náà délẹ̀: onílé ló lójú tí kò fi ríran, òun ló wá bá a ṣàwárí ìlú rẹ̀. A ti mọ irú wọn tipẹ́. Mungo Park dé etí odò Ọya ní 1796, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé òun ló ṣàwárí odò náà, bí ẹni pé ojú oorun ni àwọn apẹja tó bá níbẹ̀ fi ń wa ọkọ̀. Ti Park tilẹ̀ sàn, nítorí odò yẹn ló padà gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Bùsà ní 1806. Takisí ló gbé aláwàárí tiwa gun òkè.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni ohun tí wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi ihò yìí. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn Santa Sabina wà, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún karùn-ún. Ilẹ̀kùn igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí nígbà náà ṣì wà níbẹ̀. Nínú ojú ère 28 tó wà lára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, 18 ló ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ara àwọn àwòrán tó pẹ́ jù lọ láyé tó fi Jésù hàn lórí àgbélébùú láàárín olè méjì. Ẹni tó bá mọ irú ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní gba iwájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá láìdúró. Ilẹ̀kùn tó ti lé ní 1,500 ọdún rèé, wọ́n fò ó, wọ́n lọ fojú lé ihò ilẹ̀kùn mìíràn! Ọgbà ọsàn kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Santa Sabina: téèyàn bá dúró létí ògiri rẹ̀, òrùlé Pétérù Mímọ́ kan náà á hàn kedere, tòun ti odò Tiber nísàlẹ̀, ojú méjèèjì á sì ríṣẹ́ ṣe.

Ẹnìkan lè ní ìlú náà ti kún jù, pé ó sàn kí èrò fọ́n ká ju kí gbogbo wọn rọ́ lọ síbi ìsun omi Trevi. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Centrale Montemartini wà ní Róòmù, ilé ẹ̀rọ mànàmáná tí wọ́n ṣí ní 1912, tí wọ́n to ère òkúta àtijọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì ńláńlá rẹ̀ láti 1997. Àyè gba èrò níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá darí àlejò síbẹ̀ ṣe oore. Àmọ́ ihò kọ́kọ́rọ́ kò gbà ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan, òpópónà tóóró kò sì fẹ̀ nítorí fídíò. Ní Párísì, àwọn tó ń gbé ní rue Crémieux ni kí wọ́n lọ bi: ní 2019 wọ́n bẹ ìjọba ìlú pé kó bá wọn fi géètì sí òpópónà wọn, nítorí àwọn tó ń wá ya fọ́tò tí wọ́n sì ń jó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Èrò kò fọ́n ká níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà onílé ni wọ́n kó o lọ.

Ẹlòmíì á tún ní ayọ̀ lásán ni, ta ló pa lára? N kò bá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbi ihò tó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé jà. Ìran náà dùn-ún wò. Ẹni tó gba Kòlósíọ̀mù lọ tààrà pẹ̀lú gbogbo ayé kò sì ṣẹ̀, ohun tó wá wò ló ń wò. Ìgbéraga pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ni mo kórìíra, pàápàá nígbà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àwọn náà nìkan mọ̀ ọ́n bá tò sẹ́yìn rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ kò pọ̀ ló ń wá lóòótọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Testaccio. Òkè kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì àpáàdì: ìṣà òróró ólífì tó ń ti Sípéènì àti Àríwá Áfíríkà wọ Róòmù àtijọ́ ni wọ́n ń fọ́ síbẹ̀, títí ààtàn fi ga tó mítà 35. Ilé ìpẹran ìlú wà lágbègbè náà títí di 1975, wọ́n sì máa ń fi inú ẹran kún owó iṣẹ́ àwọn alápatà, ìdí nìyẹn tí ṣàkì inú ọbẹ̀ tòmátì àti ìrù màlúù fi jẹ́ oúnjẹ àdúgbò náà dòní. Ẹ gbé àwo ṣàkì yẹn síwájú aláwàárí wa kẹ́ ẹ wò ó. Á yà á ní fọ́tò, á kéde rẹ̀ pé àṣírí adùn Róòmù rèé, á wá rọra bi ẹni tó gbé oúnjẹ wá bóyá wọ́n ní písà.