Ta Ni Nọ́ńbà 9 Wa Báyìí?

Lọ́jọ́ tí Liverpool fi mílíọ̀nù 125 pọ́n-ùn ra Alexander Isak ní September 2025, ìsọ̀ agẹrun kan ní Jobele di ọ́fíìsì ìṣirò owó. Agẹrun gbé kílípà sílẹ̀ lórí ẹni tó ti gẹ̀ dé ìdajì, ó fa fóònù yọ, ó sọ owó náà di náírà. Ó lé ní igba bílíọ̀nù. Ó mi orí. Ó ní wọ́n ti rẹ́ Liverpool jẹ, pé ká ní òun ni wọ́n rán lọ sọ́jà ni, òun ì bá já ogún mílíọ̀nù lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbèsè epo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìdajì orí rẹ̀ sílẹ̀ gan-an ò bínú. Òun náà ní ẹ̀yìn ni Liverpool ò ní, pé iwájú wọn ò léwu.

Mo wá bi wọ́n pé, 3SC tiwa, Shooting Stars Ìbàdàn, ńkọ́, ta ni wọ́n rà? Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àtíòro lẹ́nu.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi jàre. Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Tí líìgì bá ti parí báyìí, wọn á há ìwé ìdúpẹ́ fún àwọn kan, wọn á ya fọ́tò àwọn tuntun pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ síwèé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn tí wọ́n ń ṣe ní líìgì wa níbí, ọdún kan péré ni. Kí o tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ni nọ́ńbà 6 ń lò, ó ti dèrò Enugu tàbí Kano.

Agẹrun wa yìí kan náà ló ra jẹ́sì 3SC, tó ní kí wọ́n bá òun tẹ orúkọ nọ́ńbà 9 sí i lẹ́yìn ní Ìlọrà. Sáà parí, nọ́ńbà 9 lọ. Ó mú réésà, ó ń fá lẹ́tà náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ojú àpá ò pa. Orúkọ nọ́ńbà 9 tuntun gùn, ó bẹ̀rẹ̀ lábíyá ọ̀tún, ó parí lábíyá òsì. Ìyẹn náà ò jẹ Kérésì kejì pẹ̀lú wa. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn jẹ́sì yẹn nínú oòrùn lónìí, orúkọ èèyàn méjì lẹ ó kà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn ní pápá 3SC ní Adámásìngbà.

Bẹ́ẹ̀, ayé kan ti wà. Lọ́dún 1976, 3SC gba ife ẹ̀yẹ kan fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà, kò sì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó ṣe irú ẹ̀ rí ṣáájú wọn. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 ní àṣekágbá ife Áfíríkà l'Ékòó ní 1980, Segun Odegbami jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, Best Ogedegbe ló sì ń ṣọ́lé. Tiwa ni gbogbo wọn! Ìyá tó ń ta ọsàn ní Fìdítì pàápàá mọ Odegbami tí wọ́n ń pè ní Mathematical, torí láti bí ọdún 1970 títí dé 1984, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gbá bọ́ọ̀lù fún.

Lọ́dún 1984 náà ni Zamalek nà wá ní àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, ni Odegbami fi bàtà kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Rashidi Yekini kó ẹrù kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àìsàn ó-dàbọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára. Nígbà tí Yekini jẹ góòlù sáwọ̀n Bulgaria ní 1994, góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà ní ife àgbáyé, àwọn àgbà ibí ní tiwa lẹsẹ̀ yẹn, pé ńṣe la kàn yá wọn.

Láti 1998 la ti gba líìgì kẹ́yìn. Ní 2025, Remo Stars, àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gbà á. Ìkẹ́nnẹ́ o! Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, Beyond Limits, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ dàgbà, wọ́n sì fi Daniel Ogunmodede sílẹ̀ lórí àga kóòṣì fún ọdún gbọọrọ. Tiwa, ìjọba ló ni ín. Ìjọba tuntun á gbé ìgbìmọ̀ tuntun dé, ìgbìmọ̀ á gbé kóòṣì dé, kóòṣì á kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé, àwọn ọmọ á gbé báàgì dé. Tí ẹni ńlá kan ò bá wá rántí pé àbúrò ìyàwó òun náà máa ń gbá bọ́ọ̀lù, a ti ríre.

Èmi ò béèrè Isak. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan lo ọdún méjì sí mẹ́ta kí n lè rí i bú dáadáa. Ẹni tó wọkọ̀ láti Jobele dé Ojóò, tó tún wọ òmíràn dé Adámásìngbà, lẹ́tọ̀ọ́ sí èébú tó lórúkọ nínú. Níjọ́ kan, ẹ̀yìn wa lápá òsì gbé bọ́ọ̀lù lé alátakò lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Mo dìde, mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ìwọ..." Ó tán síbẹ̀. Mo yíjú sí bàbá tó jókòó tì mí. Bàbá ronú, wọ́n dárúkọ kan. Ẹnì kan látẹ̀yìn ní, "Rárá, bàbá, ìyẹn ti lọ sí Katsina."

La bá kúkú jọ bú rẹfirí.