Dọ́là Tó Fi Ọdún Kún Ọjọ́ Orí Ẹ̀

Ẹ na owó ẹyọ náírà méjì, èyí tí báńkì àpapọ̀ gbé jáde ní 2007, sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Á yí i wò síwá-sẹ́yìn, á ní, “Bàbá, ẹ fún ọmọ yín kó fi ṣeré.” Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, dọ́là fàdákà kan wà tí wọ́n kọ 1804 sí lára, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 1834 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́, kí wọ́n lè fi ta àwọn ọba ìlú òkèèrè lọ́rẹ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó ń yọ díẹ̀ kúrò nínú tiwọn, ẹ ń pè wọ́n ní òpùrọ́. Wọ́n ta ọ̀kan nínú dọ́là náà ní 1999, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹ̀.