Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ta Ló Pe Dróònù?

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí dróònù. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ lónìí, ìsìnkú àgbà kò tíì kún tí dróònù ò bá sí níbẹ̀. L'Ókìtìpupa, l'Óde-Ìrèlè, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kùn lókè àtíbàbà. Atẹ́gùn rẹ̀ á ṣí gèlè ìyàwó olóyè, àwọn olóúnjẹ á sáré fi ọmọrí de ìkòkò kí iyanrìn má bàa wọ ọbẹ̀, pupuru á tutù. Ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Gbogbo wa la ó gbójú sókè, tá a ó máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Ẹyẹ kì í gbé bọ́ǹbù. Irú dróònù bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP so bọ́ǹbù àfọwọ́jù mọ́ lóṣù Kejìlá 2024, tí wọ́n fi kọlu ibùdó ọmọ ogun wa ní Wajirko, ní Borno tó bá Níjẹ̀, Chad àti Kamẹrúùnù pààlà. Nígbà tó di oṣù Kínní 2025, àwọn ọ̀gá ológun fòfin de dróònù tí kò gbàṣẹ ní àríwá ìlà-oòrùn. Àwọn ayàwòrán gbọ́, wọ́n kó tiwọn sápótí. ISWAP kò sí níjókòó nígbà tí wọ́n ń ka òfin.

Ti ìjọba fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá 2023, dróònù ológun ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe Mọ́lúùdì ní Tudun Biri, ní Kàdúná. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rin. Àwọn ológun ní agbésùnmọ̀mí làwọn pè wọ́n. Dróònù ríran dáadáa o. Ẹni tó ń wo àwòrán ni kò dá èèyàn mọ̀.

Ní ti ṣíṣọ́, bodè tí ìjọba wa mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù ni èyí tí ìrẹsì ń gbà, kì í ṣe ojú ọ̀run. Oṣù Kẹjọ 2019 ni Buhari tì í pa, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Bodè Sèmè jìnnà sí wa, síbẹ̀ lójú títì Òrè, kọ́sítọ́ọ̀mù á ní kẹ́ ẹ ṣí búùtù, wọ́n á tẹ àpò gaàrí wò, wọ́n á yọjú sábẹ́ àga. Mi ò rí ọ̀kan nínú wọn tó gbójú sókè rí.

Òfin kúkú wà: ẹni tó bá fẹ́ ní dróònù gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò l'Abùjá. Kí ayàwòrán Ìlútitun tó fẹ́ ya ìyàwó látòkè yáa kọ̀wé, kó sì jókòó dè é. Bó bá gba Òrè kọjá, kó ṣe jẹ́jẹ́: àwọn ajínigbé inú igbó ibẹ̀ kò kọ̀wé sẹ́nì kankan.