Àkísà Ò Sí Lórí Àtẹ

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí ò mọ gọ́ọ̀fù, wọn ò sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọdé ẹni àádọ́ta ọdún, tòun ti ewú lórí, yóò ní kí wọ́n wọn òun lára kí wọ́n tó rọ ọ̀pá onírin fún òun.

Irú ọmọdé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìkòyí, ó wà ní Ìkẹjà, ó ti dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni, ẹnì kan sì ti sọ sí i létí pé orí pápá gọ́ọ̀fù ni kọ́ńtíráàtì ń sùn. Ó dé pápá lọ́jọ́ Sátidé, ó gbá bọ́ọ̀lù. Koríko ló fò, bọ́ọ̀lù ò mì. Ó tún un gbá, bọ́ọ̀lù yà sígbó. Ó yẹ ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ọ̀pá yìí ò bá mi lára mu." Kádì tó gbé àpò dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ń rìn lórí pápá yẹn láti kékeré, dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀gá. Ẹjọ́ yín kọ́." Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Àpò ọ̀gá ni owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ṣì wà.

Ká má purọ́, iṣẹ́ wíwọn ọ̀pá kì í ṣe jìbìtì. Wọ́n á wo bí èèyàn ṣe ga tó, wọ́n á wọn láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, wọ́n á wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ibi ìdìmú yóò ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù níwájú ẹ̀rọ, irú TrackMan tí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ṣe, tí rádà rẹ̀ ń ka eré tí ọ̀pá ń sá àti ibi tí bọ́ọ̀lù forí lé. Bí ṣónṣó orí irin bá gbé sókè nígbà tó kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá á máa fà sósì. Bó bá tẹ̀ sílẹ̀, á máa yà sọ́tùn-ún. Òótọ́ ni. Karsten Solheim, ọmọ bíbí Norway tó bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ ọ̀pá gọ́ọ̀fù PING ní California lọ́dún 1959, níbi tó ń gbé mọ́tò sí nílé rẹ̀, ló wá fi àmì aláwọ̀ sára ọ̀pá onírin ní 1972, kí ẹni gíga àti ẹni kúkúrú má baà máa lo irú kan náà. Baba yìí ti pé ọdún 42 kó tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀fù, òun náà sì bínú sí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni, ó wọlé lọ rọ tirẹ̀. Ọ̀gá tiwa wọ báńkì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kì í ṣe ara nìkan ni wọ́n ń wọn, gbígbá ni. Olùbẹ̀rẹ̀ ò sì tíì ní gbígbá kan pàtó. Mẹ́wàá ló ní, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Èwo ni kí wọ́n wọn níbẹ̀? Ìyá tó gbọ́n kì í rán aṣọ iléèwé ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe rẹ́gí. Ó ń ní kí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, kí wọ́n lè tú u bọ́mọ bá ga. Etí wo ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́ sínú irin? Wọ́n lè tẹ ọrùn òmíràn díẹ̀ lóòótọ́, owó mìíràn nìyẹn. Jẹ́ kí olùkọ́ tún ìdúró ọ̀gá ṣe fún oṣù mélòó kan, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú: gbígbá tí wọ́n wọn lọ́jọ́sí ti kú, ọ̀pá tí wọ́n rọ fún òkú ló kù nínú àpò.

Àwọn kan á ní ọ̀pá tí ò bá ni mu ń kọ́ni níwàkiwà. Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Ẹni tó ga jù, tàbí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá gígùn ọkọ rẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá gígùn tó yẹ fún un. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ má fi tọ̀tún jẹ ẹ́ níyà. Ìyẹn ò gba rádà.

Severiano Ballesteros ńkọ́, ọmọ abúlé Pedreña ní Sípéènì? Ọ̀pá onírin nọ́ńbà 3 kan ṣoṣo ló fi ń ṣeré létí òkun nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun ló fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, òun ló fi ń gbá a mọ́lẹ̀, òun ló fi ń yọ ọ́ nínú iyanrìn. Ní 1979, lẹ́ni ọdún 22, ó gba ìdíje gọ́ọ̀fù The Open. Ẹ ò rí àkísà!

Òfin gọ́ọ̀fù ní ọ̀pá èèyàn ò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Kò sọ pé kò gbọdọ̀ dín; tòkunbọ̀ mẹ́fà tó olùbẹ̀rẹ̀ í lò, kó fi owó tó kù wá olùkọ́. Láti 2020 pàápàá, ìlànà àgbáyé ti gba àlékún 54 fún un: níbi tí ọ̀jáfáfá ti ń fi gbígbá 72 parí ihò 18, tirẹ̀ lè sún mọ́ 126, kójú má sì tì í. Wọ́n ti fún un láyè kó ya aṣọ bó ṣe wù ú. Òun ló ní tòun ò gbọdọ̀ ya.

Ẹni tó ń ta ọ̀pá fún un ò tilẹ̀ tàn án. Ọ̀gá bi í pé ṣé irin tuntun yìí á máa lọ tààrà. Ó ní, "Á lọ dáadáa, sà. Ẹ ṣá ti máa gbá a bí ẹ ṣe gbá a lónìí." Ọ̀gá sanwó, inú rẹ̀ dùn, kò sì bi í pé èwo nínú tòní.