Ẹ̀wù Àgbàwọ̀ Ìjọba Ìlú Ọba

Kọ́mà kan wà lára ohun tó tú wọn láṣìírí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2003, iléeṣẹ́ olórí ìjọba ní Downing Street gbé ìwé olójú-ewé 19 kan síta nípa bí Saddam Hussein, olórí Ìráàkì nígbà náà, ṣe ń fi ohun ìjà olóró pamọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà nínú rẹ̀. Tony Blair, olórí ìjọba nígbà náà, tọ́ka sí i nílé aṣòfin. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, yìn ín níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní ìwé tó dára ni.

Ó dára lóòótọ́. Ibrahim al-Marashi ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Glen Rangwala, olùkọ́ ní Cambridge, ló kà á tí ojú rẹ̀ sì là. Àpilẹ̀kọ tí al-Marashi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní California, gbé jáde nínú jọ́nà kan ní oṣù kẹsàn-án 2002 ni wọ́n dà kọ, ojú ewé tẹ̀lé ojú ewé, tòun ti àṣìkọ. Ibi tí ọmọ náà ti ṣi kọ́mà fi, ibẹ̀ náà ni ìjọba fi tirẹ̀ sí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn ò dà kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán irú ẹ̀ wò ní Cambridge, ẹrù rẹ̀ ni yóò lọ dì.

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í bá ni mu. Bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Àwọn àgbà yẹn ò tíì rí ẹni tó jí ẹ̀wù wọ̀ tó tún mú abẹ́rẹ́ dání. Níbi tí al-Marashi ti kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ Saddam ń ṣọ́ àwọn ẹ́ḿbásì ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba ní amí ni wọ́n ń ṣe. Níbi tó ti ní wọ́n ń ran àwọn ẹgbẹ́ alátakò lọ́wọ́ nílẹ̀ ọ̀tá, alátakò di agbésùnmọ̀mí. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìjọba tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Saddam ní 1991 ni ọmọ náà fi ṣe ìwádìí rẹ̀! Kò sẹ́ni tó pè é lórí fóònù pé, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé bó ṣe rí lónìí náà nìyí?” Ta ló fẹ́ mọ̀?

Lẹ́yìn tí àṣírí tú, Jack Straw, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ìlú Ọba, ní Horlicks, ìyẹn rúdurùdu, pátápátá ni wọ́n pò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ṣúgà sí i.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 2003, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ sórí Baghdad. Ohun ìjà tí wọ́n ní ó pamọ́, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ẹ̀wù Blair fún o, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tí kò wọ̀ ọ́ ló fún pa. Ìdílé al-Marashi fúnra rẹ̀, Ìráàkì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ ọpọlọ ọmọ wọn ni wọ́n fi pe ogun wá bá wọn nílé. Ọdún méje gbáko ni ìgbìmọ̀ Chilcot tó wádìí ogun náà fi tú ọ̀rọ̀ náà wò kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2016, apá 12.

Ní oṣù kẹfà 2022, Blair lọ gba oyè Garter ní Windsor. Ọba-bìnrin ìlú Ọba ló fún un. Wọ́n wọ agbádá fẹ́lífẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù fún un, wọ́n dé e ní fìlà oníyẹ̀ẹ́ ògòǹgò. Ó bá a mu rẹ́gí.