Nígbà Tí Imú Òǹkọ̀wé Yín Daṣẹ́ Sílẹ̀

Òǹkọ̀wé yín bá ìyá oníirú kan fa ọ̀rọ̀ ní ọjà Pobẹ̀ lọ́dún 2020. Ẹ̀sùn tó fi kàn án ni pé irú rẹ̀ kò rùn. Ìyá náà wò ó tìyanu-tìyanu. Òǹkọ̀wé yín kò gbà; ó gba owó rẹ̀ padà, ó sì ń yan lọ bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Nílé, ó kan ìyàwó. Ó ní ọbẹ̀ tẹ́. Ó da iyọ̀ sí i, ó tún da iyọ̀ sí i, títí àwọn ọmọ fi sá tọ àmù lọ.

Kò fura sí kòrónà rárá. Lóòótọ́, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó kó o ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ yí Cotonou, Porto-Novo àti àwọn ìlú ìtòsí wọn ká. Ṣùgbọ́n Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ kò sí nínú àgbàlá yẹn. Òǹkọ̀wé yín gbà pé bí àrùn náà bá kan àwọn ọlọ́pàá lọ́nà, yóò ṣẹ́rí padà, torí kò ní ìwé àṣẹ.

Ó wọ takisí lọ sí Sakẹ́tẹ́. Bídọ̀ kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, kan ń jò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èrò fọwọ́ bo imú; ó ń yìn wọ́n pé wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra fún kòrónà. Nọ́ọ̀sì kan nínú wọn bi í pé: “Bọ̀dá, ṣé imú yín dí ni?” Kò dí. “Ẹ ò wá gbóòórùn epo yìí?” Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti kó o.

Ọ̀fìnkìn a máa dí imú kó tó gba òórùn. Kòrónà kì í sábà dúró dè é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣètọ́jú iṣan òórùn lókè imú ló ń kọlù, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ Harvard ṣe kọ ọ́ ní 2020. Òórùn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn ọbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Ìlú Ọba fi àìgbóòórùn kún àmì àrùn náà.

Imú ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún ẹni tó bá pẹ́, Thomas Hummel ní Jámánì ti dán ìdárayá imú wò láti 2009: kí a máa fín òdòdó róòsì, yukalíptù, ọsàn kíkan àti kànáfùrù láàárọ̀ àti lálẹ́. Òǹkọ̀wé yín kò rí róòsì rà ní Pobẹ̀. Irú ló fi dípò, ọ̀dọ̀ ìyá ọjọ́sí náà ló sì ti rà á, láìná an.

Títí imú fi padà, àwọn ọmọ ló ń bá a gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Ẹ̀fọ́ kì í bà jẹ́ lójú wọn. Ẹran nìkan ni wọ́n máa ń sọ pé ó ti kan, tí wọ́n á sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé lọ “dà nù.”